Láptọ́ọ̀pù Tí Jìmí Ṣóbọ̀wálé Rà

Ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta ọdún 2006, àwọn mọ̀lẹ́bí Ọláìyá kó páálí ìwé ètò ìsìnkú mẹ́rin padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Olújìmí Ṣóbọ̀wálé ní Ìkòsì, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ sin bàbá wọn. Ní ojú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ olóògbé sí, orúkọ Wùmí kò sí níbẹ̀.

Létí ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe rí, orúkọ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Bàbá Ọláìyá bí síta ni Wùmí. Ìyá rẹ̀ kò gbé inú ilé náà rí. Bí wọ́n bá yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé ìsìnkú, ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé ni pé òkú kọ́ ló bí i, òkú ò sì ní jí wá jẹ́rìí. Nítorí náà, kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó tẹ̀lé páálí náà tó gbà pé àṣìṣe ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìyàálé ló fún atẹ̀wé lówó kí ó yọ ọ́.

Kúnbi, ìyàwó Jìmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà bọ̀ ni. Ó bá wọn níbẹ̀. Àbúrò olóògbé ló ń pariwo. Wùmí fúnra rẹ̀ kò pariwo. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó mú ìwé kan nínú páálí, ó ṣí i sí ojú ewé náà, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Jìmí.

"Uncle, ta ló ní kí ẹ yọ mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò yọ yín," ni Jìmí wí. "Mọ́níítọ̀ yìí ló ṣe é."

Ó tan kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè rí i. Orúkọ Wùmí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní òpó kẹta, lápá ọ̀tún pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti yẹ̀ kọjá ibi tí máṣíìnì ń tẹ̀ dé. Kúnbi rí i láti ibi tó dúró sí lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ohun tó ya Kúnbi lẹ́nu ni pé Jìmí, ẹni tó máa ń rí kọ́mà kan ṣoṣo tó sọnù nínú odidi ìwé orin, jókòó ti ojú ewé yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò sì rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Jìmí tún ojú ewé náà tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi í sínú ìwé náà. Wọ́n sin Bàbá Ọláìyá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Wùmí kò ti kí i mọ́, ìjọ méjì tó máa ń gbé iṣẹ́ ìwé ìsìn fún un sì rọra ká ọwọ́ kúrò. Wọn kò bá a jà. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe mọ́níítọ̀ ló ń kú. Ojú ọkùnrin náà ló ń kú.

Ẹni tó bá gbé Ìkòsì nígbà náà á mọ ìdí tí gbogbo wọn fi gba ọ̀rọ̀ mọ́níítọ̀ gbọ́. Mọ́níítọ̀ ayé ìgbà náà tóbi bí àpótí, iná tó sì ń wọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Háfù-kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá tan iná, àwòrán á súnkì. Dúdú á ti ọ̀tún wọlé, á ti òsì wọlé, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa kọ́tìnì pọ̀. Kúnbi ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ilé wọn àìmọye ìgbà, tí wọ́n ń ka ìròyìn tí èjìká akàròyìn kò hàn. Nítorí náà, nígbà tí Jìmí sọ pé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà òun ń ṣú, kò sí aládùúgbò tí kò mi orí. Bó bá jẹ́ pé ìlú tí iná ti ń dúró ṣinṣin ni wọ́n ń gbé, bóyá ẹnì kan ìbá ti bi í léèrè pé ṣé kì í ṣe ojú ló ń ṣe ọ́.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni Jìmí ti wá sí Èkó. Ní Ṣómólú ló ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ọdún 1987, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá. Ojú rẹ̀ ló fi ń jẹun láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá tí wọ́n ti tẹ̀ níbòmíràn, kì í kà á lákọ̀ọ́kọ́. Á wò ó lẹ́ẹ̀kan báyìí, á sì fi ìka kan àṣìṣe. Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ṣóbọ̀wálé bá dé ọ̀run, ìwé ìyè ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè rò pé ojú òun ni. Ìgbà wo ni alágbẹ̀dẹ rò pé ọwọ́ òun ni kò dára, tí ọmọ owú wà nílẹ̀ láti dá lẹ́bi?

Ó ra ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé, ẹ̀gbẹ́ sì tún ń ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan jẹnẹrétọ̀ láti òwúrọ̀, síbẹ̀ ó ń ṣú. Ó gba mọ́níítọ̀ míràn lọ́wọ́ Àkànní tó ń ṣe fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tìyẹn náà ṣú. Ó wá sọ fún Kúnbi pé gbogbo mọ́níítọ̀ tó ń wọ Èkó, àlòkù tí òyìnbó ti dànù ni. Òótọ́ ni. Òótọ́ ni pé iná kò dára, òótọ́ ni pé mọ́níítọ̀ ti gbó. Gbogbo ohun tó ń sọ ló jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá a dé ìdí.

Ní oṣù Kẹfà, ó ní láptọ́ọ̀pù ni òun máa rà, nítorí pé skríìnì tirẹ̀ kì í súnkì bí iná bá rẹ̀. Owó tí òun àti Kúnbi jọ fi pamọ́ ni wọ́n fẹ́ fi rà á, nítorí náà Kúnbi tẹ̀lé e lọ ní Sátidé kan sọ́dọ̀ Levi, ọmọ Ìgbò kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Kétu, tó sì gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Yorùbá mìíràn lọ.

Láptọ́ọ̀pù méjì ni Levi gbé síwájú wọn. Owó kan náà ló ní kí wọ́n san fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Èkíní dúdú, ó nípọn, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Skríìnì rẹ̀ rí ráúráú bí ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́mórì rẹ̀ tóbi, bátìrì rẹ̀ lè gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé ìparí, gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí bíi fàdákà. Owó rẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kí irú rẹ̀ jẹ́ rárá. Levi ní wọ́n já a wálẹ̀ ni nítorí pé ẹni tó kó o wọlé fẹ́ ta á kúrò nílẹ̀. Nígbà tó tàn án, àwòrán ewé kan yọ tí omi ń kán lára rẹ̀, ó sì dà bíi pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án ọwọ́ á tutù. Kúnbi kò rí irú skríìnì bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó kù lára rẹ̀ ńkọ́? Mẹ́mórì rẹ̀ kéré, àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ kéré, kò ní ibi tí wọ́n ń ki sídíì bọ̀. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ibi tó yẹ kí Y wà, Z ló wà níbẹ̀. Bátìrì rẹ̀ sì lè kú kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán.

"Ọ̀gá mi, ẹ fojú yín wò ó," ni Levi wí. "Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ń lo skríìnì yìí. Owó tí mo pè é yìí, skríìnì nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ. The rest na jara."

"Jara tí ò lè tan fún wákàtí kan," ni Kúnbi dáhùn.

"Madam, ẹ ò ní jẹn nílé ni?"

"A ní. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ tan jẹn ká tó lè lò ó, kí la wá ń ra láptọ́ọ̀pù sí? Ká kúkú fi okùn so ó mọ́ ògiri bí ewúrẹ́."

Levi rẹ́rìn-ín, ó ní madam yìí ni kí wọ́n máa rán lọ bá gómìnà sọ̀rọ̀. Jìmí kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú láptọ́ọ̀pù dúdú náà, ó yí orí sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì, ó tún yí i padà, bí adìyẹ tó ń wo ọkà. Kúnbi rò pé ọjà ló ń yẹ̀ wò.

"Ti èyí ṣú létí," ni Jìmí wí.

"Ọ̀gá, kò ṣú o. Bó ṣe rí láàárín ló rí létí."

"Ó ṣú."

Kúnbi wò ó. Kò ṣú. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà ló máa ń bú ọjà, ìyàwó tó bá sì la ẹnu níwájú ọlọ́jà pé ọjà náà dára, ọkọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́ lójú ìdúnàádúrà. Ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó sì dúró kí Jìmí máa bú ọjà náà lọ kí Levi lè dín owó rẹ̀ kù.

Wọ́n jáde sábẹ́ ìbòòji láti sọ̀rọ̀. Kúnbi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe ti fíìmù. Ó ní èyí tí ara rẹ̀ le ló yẹ wọ́n, nítorí pé ohun tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe ohun tí à ń wò kí inú wa dùn. Ó ní ẹwà skríìnì náà, òun náà rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ìyàwó nítorí ẹyinjú rẹ̀ á ṣì ní láti jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Jìmí jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mummy Bólú," ni ó wí, "bátìrì ò lè yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú ìwé bàbá rẹ̀. Mẹ́mórì ò lè yọ ọ́. Skríìnì ló yọ ọ́."

Wọ́n wọlé padà, wọ́n ra èyí tó ń dán.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ dùn. Skríìnì náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú ojú Jìmí fi lè mú un dáadáa. Ó máa ń pe Kúnbi àti Bólúwatifẹ́, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, pé kí wọ́n wá wo àwọ̀ ìwé ìgbéyàwó kan tí òun ṣe. Ó ní ó dà bíi pé wọ́n mú kànìnkànìn fọ gbogbo nǹkan. Ó tún ń kọrin nídìí iṣẹ́, ohun tí kò ṣe láti ìgbà ọ̀rọ̀ àwọn Ọláìyá.

Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìparí ìlà kan á sọnù. Fọ́tò ọkọ ìyàwó á gun orí àdírẹ́sì. Oníbàárà á dá iṣẹ́ padà, Jìmí á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì rí ìdí. Àyè ìpamọ́ ló kún. Àwọn Jámánì yìí ló fi Z síbi tí kò yẹ. Bátìrì ló kú kí ó tó fi iṣẹ́ pamọ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà ṣe ń ru ẹ̀bi, ó sì ní àléébù tó pọ̀ tó láti ru gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ti dúdú yẹn ni wọ́n rà, èyí tí ara rẹ̀ le, kò ní ju oṣù kan lọ tí kò fi ní sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè dá lẹ́bi mọ́ ju ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n rà.

Ohun tí ó ba Kúnbi nínú jẹ́ jù lọ nígbà náà ni pé wọn kò gbọ́ tòun. Kò lè pa á mọ́ra. Ní oṣù Kẹjọ, lọ́jọ́ tí wọ́n dá káàdì ìkómọjáde kan padà, ó sọ ohun tí ènìyàn kò lè sọ kó tún gbé e mì.

"Ẹ lọ ra skríìnì àwọn onífíìmù," ni ó wí. "Ẹni tó ń wò ó ni ò rí nǹkan."

Jìmí dìde, ó fi èjìká gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó jáde. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni Kúnbi ti gbà pé ọkọ òun di òun sínú. Ẹ̀rí rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ kan, ó ń ti Máìlì Twelve bọ̀, ó ru àpò ata àti tòmátì, ó sì rí Jìmí tó ń bọ̀ lábẹ́ bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu. Inú rẹ̀ dùn pé yóò bá òun gbé ẹrù. Ó juwọ́ sí i. Jìmí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí apá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kò sì yíjú. Ìyá Ládé tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yára wo ibòmíràn, kí ojú má baà ti Kúnbi, ojú sì ti Kúnbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò bi Jìmí léèrè. Ó gbé ẹrù rẹ̀ délé, ó se ọbẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Oúnjẹ náà tutù síbẹ̀. Kúnbi ń wò ó láti yàrá. Ó rò pé Jìmí kọ oúnjẹ òun ni. Jìmí rò pé wọn kò gbé oúnjẹ fún òun. Kò sí ẹni tó béèrè nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé kálukú ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ tẹ orí ba.

Báyìí ni wọ́n ṣe lo oṣù Kẹsàn-án, Kẹwàá, Kọkànlá. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ó dàárọ̀. Jìmí ń da omi nù. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ Bólúwatifẹ́ mọ́lẹ̀, á ní pẹ̀lẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà kan na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ alàgbà sílẹ̀ lófuurufú. Àwọn ará ìjọ ní ọ̀rọ̀ àwọn Ọláìyá ló sọ ọ́ di agbéraga, pé ojú ń tì í ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kúnbi bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alàgbà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ẹni tó lè fojú pa ìyàwó tirẹ̀ rẹ́, ta ni kò lè fojú pa rẹ́?

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 2007, ọyẹ́ mú gan-an. Eruku bo gbogbo Ìkòsì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Jìmí gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ìjẹun, ó ń ṣe ìwé ìdúpẹ́ ọdún tuntun fún ìjọ wọn, ọ̀kan nínú iṣẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó ti sọ lẹ́tà di ńlá bíi ti ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bólúwatifẹ́ ń gba ilẹ̀. Kúnbi ń jọ gàrí lẹ́bàá tábìlì, ó ń ṣa àwọn kókó rẹ̀ jáde.

Eruku wọ Jìmí lójú òsì. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi bo ojú náà, ó ń rọra nù ún. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Bátìrì tún ti kú," ni ó wí.

Kúnbi gbójú sókè. Skríìnì náà ń tàn yanran síwájú ọkọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní iwájú orí Jìmí, ó wà ní imú rẹ̀, ó wà lára ọwọ́ tó fi di áńkáṣíìfù mú.

"Kò kú," ni Kúnbi wí.

"Ó kú. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Bólúwatifẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Daddy ti ń ṣe àwàdà lọ́dún tuntun. Ṣùgbọ́n Kúnbi ti dìde. Ó fa áńkáṣíìfù kúrò lọ́wọ́ Jìmí.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti padà wá."

Kúnbi fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ojú òsì náà. Gàrí wà lára ìka rẹ̀.

"Báyìí ńkọ́, Daddy Bólú?"

Ohùn Jìmí rẹlẹ̀, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Iná ti lọ."

Bólúwatifẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kúnbi yí ọwọ́ padà, ó bo ojú ọ̀tún. Ó ní kí Jìmí wo iwájú tààrà kó má yíjú, òun sì na ọwọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó ń ju ìka bí ìgbà tó bá ń pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní kó sọ ìgbà tó bá rí i. Ó ń gbé ọwọ́ náà bọ̀, ó ń gbé e bọ̀. Ó kọjá etí, ó kọjá ìpéǹpéjú, Jìmí kò sọ nǹkan kan. Ìka náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀gangan imú kó tó ní, "Mo rí i."

Kúnbi jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo juwọ́ sí yín lábẹ́ bíríìjì Kétu," ni ó wí, "tí mo ru àpò."

"Ọjọ́ wo?" ni Jìmí béèrè.

Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni Kúnbi bú sẹ́kún.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà náà kì í ṣe àgbà, obìnrin ni, ó sì ń sọ Yorùbá pẹ̀lú wọn. Ó fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ojú méjèèjì, ó fi ẹ̀rọ kan wọn agbára omi inú ẹyinjú, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Ó ní gulakómà ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Omi inú ẹyinjú ló ń fún iṣan ojú mọ́lẹ̀ títí tí iṣan náà yóò fi kú díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín. Kì í dunni. Kì í mú kí ojú pọ́n. Ojú kan á máa bá ìkejì bo àṣírí, ẹni tó ni ojú kò sì ní mọ̀.

Ó bi Jìmí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wọn ti fọ́jú rí. Jìmí kọ́kọ́ ní rárá. Ìgbà tó ṣe, ó rántí bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá fà káàkiri. Ó ní àgbà ló dé sí i. Dókítà béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá. Jìmí ṣírò rẹ̀ ní ọkàn. Bàbá náà kò tíì pé ọgọ́ta ọdún.

"Ìgbà wo lẹ ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣú?" ni dókítà béèrè.

Jìmí sọ fún un nípa mọ́níítọ̀, ó sọ nípa háfù-kọ́rẹ́ǹtì, ó sì sọ nípa láptọ́ọ̀pù. Ó sọ ọ́ létòlétò, bí ẹni tó ń gbèjà ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Dókítà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó kọ oògùn ojú tí wọ́n á máa kán sí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́ títí ayé.

"Èyí tó ṣẹ́kù la fẹ́ fi oògùn yìí pa mọ́, sà," ni ó wí. "Èyí tó ti lọ, mi ò lè dá a padà. Kò sẹ́ni tó lè dá a padà."

Kúnbi ló béèrè ohun tí Jìmí kò lè béèrè. Ó ní bó bá jẹ́ pé oṣù Kẹta èṣí ni wọ́n ti wá ńkọ́? Dókítà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

"Ojú òsì ì bá ti dára ju báyìí lọ, ma," ni ó wí. "Ti ọ̀tún náà kì bá tíì lọ tán."

Wọ́n kúrò níbẹ̀. Kúnbi di Jìmí lápá mú títí tí wọ́n fi dé ibùdókọ̀, Jìmí sì jẹ́ kó dì í mú. Nínú ọkọ̀, Kúnbi fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ oṣù Kẹjọ. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Jìmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé ó ti rẹ Kúnbi láti máa gbé oúnjẹ fún òun ni, òun sì ti ń wá bí òun á ṣe bẹ̀ ẹ́.

"Mo ń gbé e," ni Kúnbi wí. "Apá ọ̀tún ni mo ń gbé e sí."

Láti ọjọ́ náà, iwájú rẹ̀ tààrà ló ń gbé e sí, ní ọ̀gangan ojú òsì, á sì fi ìka Jìmí kan etí àwo. Kò gbàgbé oògùn rí, láràárọ̀, lálaalẹ́. Jìmí ṣì gbìyànjú iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Bólúwatifẹ́ á jókòó síwájú skríìnì, bàbá rẹ̀ á máa sọ ibi tí nǹkan yóò wà fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ìdánwò tirẹ̀ láti kà fún, iṣẹ́ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà tó ṣẹ́kù ń káàánú rẹ̀, wọn kò sì gbé iṣẹ́ wá. Àkànní onífọ́tò ló gba ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tirẹ̀. Ó wó ògiri tó wà láàárín, ó sì kun gbogbo rẹ̀ ní funfun.

Ojú ọ̀tún Olújìmí Ṣóbọ̀wálé kò ríran mọ́. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran ju ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ tààrà lọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣómólú ní ọdún 1987 parí ní oṣù Keje ọdún 2007.